Ẹ́ńjìnì Tuntun Nínú Máṣíìnì Bàbá

Ní ọ̀pọ̀ agbo-ilé ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá yọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, yóò bá alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì bò, tí adìẹ sì ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Honda 70 ni yóò jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ni bàbá fi ń lọ sí oko. Òun ni ó fi gbé ìyá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Òun ni ó fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-kéwú. Bàbá ti papòdà, máṣíìnì kò papòdà. Àwọn ọmọ kò fẹ́ tà á, nítorí ojú bàbá wọn ni wọ́n ń rí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè gùn ún, nítorí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gbó, bí ó bá sì dé ìdí òkè, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Níbẹ̀ ni ẹnìkan yóò ti dá a lábàá pé: "Ẹ jẹ́ kí a yọ ẹ́ńjìnì yìí, kí a gbé èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí i."

Èmi kì í ṣe mẹ́káníìkì. Iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ni wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní iwájú ilé tí ó kọjú sí mọ́ṣáláṣí wa gan-an, mo sì jókòó tì wọ́n lórí àpótí láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrun Àlásárì, mo ń bèèrè, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí mo rí ni pé gbígbé ẹ́ńjìnì wọlé kò le tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò ó. Ohun tí ó le ni àwọn nǹkan kékeré tí ó yí ẹ́ńjìnì náà ká. Ẹni tí ń gùn ún kì í fẹ́ dúró ṣe wọ́n, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ni ìyà wọn sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ọkùnrin ni ó ń de bóòtù, ṣùgbọ́n ta ni ó ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí itan?

Irú alùpùpù yìí, oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Japan, Super Cub sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Soichiro Honda ni ó ni ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Takeo Fujisawa, alábàáṣe rẹ̀, ni ó mọ irú ènìyàn tí yóò rà á. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà lè fi ọwọ́ kan gùn ún, nítorí náà wọn kò fi kílọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ni a fi ń yí gíà, kílọ́ọ̀ṣì a sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ kí obìnrin tí ó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gùn ún láìgbé ẹsẹ̀ sókè, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, wọ́n fi ike bo iwájú ẹsẹ̀, wọ́n sì fi irin bo ṣéènì rẹ̀ yí ká. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irin tí ó bo ṣéènì yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì ti ọdún 1958 náà kò ju 49 cc lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí ó tóbi jù ú lọ dé, 70 àti 90 wà lára wọn. Ní 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, iye Super Cub àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti pé 100 mílíọ̀nù, kò sì sí ọkọ̀ elẹ́ńjìnì mìíràn tí a tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó máa gbọ́ 70, 110 àti 125 lẹ́nu àwọn mẹ́káníìkì. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Nínú ẹ́ńjìnì, pisítìn ń lọ ó ń bọ̀ nínú sìlíńdà bí ọmọ odó nínú odó. Àyè tí pisítìn ń rìn já ni wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n ń pè ní cc. Ti Honda 70 jẹ́ 72 cc. Bí ẹ bá pín ohun tí ó wà nínú ìgò mínírà 35 cl sí ọ̀nà márùn-ún, ìpín kan níbẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pè ní 110, nǹkan bíi 107 ni òótọ́ rẹ̀. Sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 52.4, pisítìn rẹ̀ sì ń rìn mílímítà 49.5. Ti Honda 70 fẹ̀ ní mílímítà 47, ó sì ń rìn 41.4. Lójú, ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka kan, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ fi ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá.

Ìdí tí a fi lè gbé ọ̀kan wọ inú ilé èkejì ni pé Honda kò gbé ẹ́ńjìnì yìí ró ní òró; ó tẹ́ ẹ, orí rẹ̀ kọjú sí táyà iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì fi so mọ́ ara alùpùpù. Bóòtù gígùn méjì péré ni ó dì í mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnì irú tiwọn, bí Lifan àti Zongshen, wọ́n tọ ipasẹ̀ Honda, wọn kò yí ibi tí ihò bóòtù méjèèjì wà padà. Nítorí náà ẹ́ńjìnì tí a ṣe ní Ṣáínà ní àìpẹ́ yìí lè bá ara alùpùpù tí a ṣe ní Japan kí á tó bí ẹni tí ń gùn ún mu wẹ́kú.

ÌDÍ TÍ TÍṢÀ FI ṢE É

Tíṣà ni ọkùnrin tí ó ni máṣíìnì tí mo ń sọ yìí. Ilé ìwé tí ó ti ń kọ́ni jìnnà sí ìlú, òkè méjì sì wà ní ojú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, àárọ̀ ọjọ́ ọjà sì ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e dé ìdí ìsọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Láti ìgbà tí owó epo ti gbówó lórí lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, owó tí wọ́n ń san fún ọlọ́kadà ní ọjọ́ ọjà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè orí ìró kan tán. Owó alùpùpù tuntun kò sì sí. Ṣùgbọ́n Honda 70 bàbá rẹ̀ wà nílé, ara rẹ̀ le, irin rẹ̀ kò jẹrà, ẹ́ńjìnì nìkan ni ó ti ń mu ọ́ìlì tí ó sì ń tú èéfín búlúù.

Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnì, ó rí méjì. Ọ̀kan wọ́n díẹ̀, ó ní rìsíìtì, nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn kedere ní ìsàlẹ̀ apá òsì, níbi tí wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó yẹ kí nọ́ńbà wà ń dán bí ojú díńgí, wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ó wá bi mí pé: "Áfà, kí ni ẹ rí sí i?" Mo ní ohun tí mo rí sí i kò pọ̀: ẹrù olè kì í di ti wa nítorí pé a sanwó rẹ̀, ẹni tí wọ́n sì jí ẹ́ńjìnì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ń fi í bọ́ ọmọ. Bí a bá tilẹ̀ fi ti Ọlọ́run sílẹ̀, ọlọ́pàá tí ó bá dá a dúró lọ́nà yóò kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Ó ra èyí tí ó wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sì fi owó àjọ rẹ̀ kún un. Ẹ máa rántí èyí, nítorí ó ní ìdí tí ó fi lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI LỌ

Mẹ́káníìkì kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ tíṣà ni ó wá bá a ṣe é nílé, ní ọjọ́ Sátidé. Sípánà 10, 12 àti 14, súkúrúdíráfà, òòlù kan, pákó kan àti àpótí tí wọ́n fi ń kó mínírà ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Wọ́n fi ìdúró àárín gbé alùpùpù dúró, wọ́n fi òkúta dí táyà iwájú. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀, wọ́n wá da ọ́ìlì rẹ̀ sínú ike. Ọ́ìlì gbígbóná ni ó máa ń kó ìdọ̀tí jáde. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga yín o!) Lẹ́yìn èyí wọ́n tú wáyà bátìrì, wọ́n ti epo, wọ́n sì bọ́ ike iwájú ẹsẹ̀.

Kábúrétọ̀ ni ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà sáyílẹ́ńsà, tí nọ́ọ̀tù méjì mú mọ́ orí ẹ́ńjìnì. Nọ́ọ̀tù méjì yìí ni ó jẹ wọ́n níyà jù lọ, nítorí ìpata ti sọ wọ́n di ọ̀kan pẹ̀lú irin. Mẹ́káníìkì da epo sí wọn lára, ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ó ní ẹni tí ó bá fi agbára tú u yóò ṣẹ́ irin náà mọ́nú. Sùúrù wákàtí kan yẹn gba owó wẹ́dà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yọ irin ìtẹ̀sẹ̀ tí bóòtù mẹ́rin so mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n tú ṣéènì níbi ìdè rẹ̀, wọ́n fi bébà kékeré sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó wá ku bóòtù gígùn méjì yẹn. Wọ́n ti àpótí mínírà sábẹ́, wọ́n fa ti ìsàlẹ̀ yọ, wọ́n fa ti òkè yọ, ẹ́ńjìnì sì jókòó sórí àpótí. Kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì ní wíwúwo. Agogo méjìlá ọ̀sán kò tíì lù.

Bí wọ́n ti yọ ti àtijọ́ ni wọ́n ṣe gbé tuntun wọlé, bóòtù òkè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti ìsàlẹ̀. Ó wọlé bí ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó yí wa ká sì pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn rò pé iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, kábúrétọ̀. Ẹ́ńjìnì tí àyè inú rẹ̀ pọ̀ ń mí ju ti kékeré lọ, kábúrétọ̀ Honda 70 kò sì lè fún un ní afẹ́fẹ́ àti epo tí ó tó. Èyí tí ihò rẹ̀ wà láàrin mílímítà 19 sí 22 ni ó bá a mu, ó sì yẹ kí ó bá ẹ́ńjìnì náà wá láti ibi tí a ti rà á. Ẹni tí ó bá fi ti àtijọ́ sí i láti fi ṣọ́ owó, ẹ́ńjìnì yóò máa gbóná jù, nítorí epo tí ń wọlé kò tó.

Ti iná ni èkejì. Àwọn Honda 70 ti àtijọ́, fóòtì 6 ni iná wọn. Ẹ́ńjìnì tuntun, fóòtì 12 ni ó ń mú wá. Bí a bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo gílóòbù yóò jó ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ní ojú ọ̀nà tí kò sí iná. Nítorí náà a ní láti pààrọ̀ bátìrì, gílóòbù iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ìtọ́ka ọ̀nà àti fèrè, kí a sì fi ẹ̀rọ kékeré tí ń tẹ iná náà ní ìwọ̀n sí i. Wáyà aláwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀ nínú alùpùpù Honda. Ẹni tí ó bá dá a mọ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Tíṣà fẹ́ fi gílóòbù ẹ̀yìn sílẹ̀ di òpin oṣù. Ìyàwó rẹ̀ kò dá a lóhùn, ó kàn lọ mú owó wá láti inú ilé. Ó mọ̀ pé iná ẹ̀yìn, òun ni ó wà fún.

Ti gíà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí ó léwu. Honda 70 ní gíà mẹ́ta. Ẹ́ńjìnì tuntun yìí ní mẹ́rin, àwọn mìíràn nínú irú rẹ̀ sì jẹ́ ti ayípo: bí ẹ bá wà ní gíà tí ó kẹ́yìn, tí ẹ tún tẹ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní dúró, yóò bọ́ sí òfo, bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, yóò padà sí gíà kìíní. Bí alùpùpù bá ń sáré nígbà náà, táyà ẹ̀yìn yóò dì lójijì, yóò sì gbá ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ ṣubú. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gun gíà mẹ́ta kò ní rántí nígbà tí ó bá ń sá fún òjò. Mẹ́káníìkì gbé táyà ẹ̀yìn sókè, ó yí gíà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ọwọ́, ó fihàn tíṣà ibi tí ó ń bọ́ sí. Kí olúkúlùkù ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó jókòó lé e.

ỌJỌ́ TÍ ÌYÀWÓ KỌ̀ LÁTI GÙN ÚN

Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbá, tí ó sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tíṣà yí padà sí ìyàwó rẹ̀ pé: "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ gùn ún kí a lọ dé orí títì." Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀, ó rí irin gbọọrọ méjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bi mẹ́káníìkì pé: "Ọ̀gá, kí ni èyí?" Mẹ́káníìkì ní ìbòrí ṣéènì ni, ó ní ṣéènì tuntun ń gbo ó lára, ó sì ń pariwo, pé kò pọn dandan, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kò ní i. Ìyàwó ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, òun náà kò pọn dandan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, obìnrin yìí gbọ́n. Ẹ wo bí a ti ń múra: ìró tàbí jálàbíà tí ó dé kókósẹ̀, híjáàbù tí ó bo ẹ̀yìn, gèlè ọmọ tí ó tún rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣéènì alùpùpù kì í ya aṣọ kí ó sì fi í sílẹ̀. Ó ń ká a ni. Bí etí aṣọ bá ti kó sí àárín ṣéènì àti irin eléyín, yóò fa ìyókù lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá ju bí ènìyàn ti lè pariwo lọ. Bí híjáàbù tí a so mọ́ ọrùn ni, ọrùn ni yóò fà. Àwọn tí wọ́n ṣe alùpùpù yìí ní 1958 ti rò ó, wọ́n sì fi irin bo ṣéènì náà nítorí ẹni tí ó wọ aṣọ gígùn. Àwa tí aṣọ wa gùn ju tiwọn lọ ni a wá ń bọ́ ọ jù sílẹ̀ nítorí ariwo! Kí a sì tún sọ ọ́, irin ìbòrí yìí kò dáàbò bo ẹni lọ́wọ́ táyà fúnra rẹ̀. Kí obìnrin tí ó bá fẹ́ jókòó kó gbogbo etí aṣọ rẹ̀ jọ sábẹ́ itan, kí ó ti etí híjáàbù bọ abẹ́ ara rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀já ọmọ rọ̀ sílẹ̀.

Mẹ́káníìkì kò bínú. Ó wò ó dáadáa, ó rí i pé irin eléyín ti iwájú lórí ẹ́ńjìnì tuntun yọ síta díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ìdí nìyí tí ṣéènì fi ń gbo ìbòrí. Kì í ṣe nítorí ariwo nìkan ni èyí fi burú. Bí irin eléyín iwájú àti ti ẹ̀yìn kò bá wà lórí ìlà kan, ṣéènì yóò máa jẹ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì já lọ́jọ́ kan. Ó fi pákó tí ó gún gbọọrọ wò wọ́n, ó tún iwájú ṣe títí ó fi bá ẹ̀yìn mu, ó sì lu inú ìbòrí síta díẹ̀ lórí pákó. Ariwo dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.

Níbi irin eléyín yìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣìnà. Bí ti iwájú bá ní eyín 13, tí ti ẹ̀yìn ní 39, ti iwájú yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi eléyín 15 sí iwájú, yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ lé ní ìdajì, ìyẹn ni pé alùpùpù yóò máa sáré sí i, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti gun òkè yóò dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ eré. Tíṣà ní òkè méjì lójú ọ̀nà, ẹrù aṣọ àti ìyàwó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Eré kọ́ ni ó ń wá. Ó fi kékeré sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan bíréèkì. Ìyàwó ní òun kò ní gùn ún títí òun yóò fi rí ibi tí ó dúró sí. Wọ́n lọ sí pápá ilé ìwé, wọ́n fa ìlà sí ilẹ̀. Tíṣà sáré bọ̀ ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ó ti dé orí ìlà ni ó tẹ bíréèkì méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n tú inú táyà, wọ́n rí i pé rọ́bà bíréèkì ti jẹ tán, èyí tí ó kù kò nípọn ju èékánná lọ. Wọ́n ra tuntun, wọ́n fi yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ nu inú ilé rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ wáyà ọwọ́ tí ó ti ń já. Wọ́n padà sí pápá: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Ẹ má rò pé ìṣísẹ̀ mẹ́fà kéré. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe yé yín. Ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń dúró kì í pọ̀ bí eré ti pọ̀ nìkan; bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí yóò fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Honda 70 tí ẹni méjì wà lórí rẹ̀, 50 ni ó sábà máa ń rìn. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tuntun, 70 kò ní í ni lára. Bí bíréèkì bá jẹ́ irú èyí tí ó lè dá a dúró láàrin mítà 19 ní 50, ní 70 yóò tó nǹkan bíi mítà 37 kí ó tó dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bíréèkì kò yí padà, ẹ́ńjìnì nìkan ni ó yí padà. Nǹkan bíi mítà 18 tí ó lé yẹn, ọmọ tí ń sáré jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé lè wà nínú rẹ̀. Agbára láti lọ ti fi ìdajì pọ̀ sí i; agbára láti dúró, ti Honda 70 àtijọ́ náà ni. Èyí ni kò yé ọ̀pọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Mo bi tíṣà pé kí ni yóò ṣe sí i. Ó ní òun ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí orí 50 lójú aago eré, bí òun bá sì kọjá rẹ̀, kí ìyàwó òun gbá òun lẹ́yìn. Ìyàwó ní òun kò ní gbá a, òun yóò ní kí ó dúró kí òun sọ̀.

Ohun kan tún wà nípa rẹ̀ tí ẹ lè rí fúnra yín: nígbà tí a bá tẹ bíréèkì iwájú alùpùpù yìí, imú rẹ̀ a máa gbé sókè dípò kí ó tẹ̀ sílẹ̀ bí ti àwọn ìyókù. Bí wọ́n ti ṣe irin iwájú rẹ̀ ni. Kí ẹni tí kò gùn ún rí má ṣe fòyà.

ÌWÉ RẸ̀ ŃKỌ́?

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé alùpùpù. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ìwé yín ń sọ ohun kan, irin ń sọ òmíràn. Ọlọ́pàá tàbí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ó bá fi wọ́n wéra lè gbà pé ẹrù olè ni. Tíṣà mú rìsíìtì ẹ́ńjìnì, ìwé àtijọ́ àti nọ́ńbà tuntun lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí wọ́n lè yí i padà. Níbẹ̀ ni wahálà mìíràn ti yọjú: orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé náà síbẹ̀, bàbá sì ti kú. Ẹ̀yin ìdílé tí ogún irú èyí wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n pín ogún pé ti ta ni máṣíìnì, kí gbogbo àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ obìnrin pẹ̀lú, kí ẹ tó náwó lé e. Mo ti rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì tuntun sí i, tí àbúrò obìnrin wá ń bèèrè ìpín tirẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ iye tí í ṣe ti bàbá àti iye tí í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ níwájú àwọn àlùfáà.

Akoto náà wà nínú òfin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e, ẹni tí ń gùn ún àti ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn. Híjáàbù kò dí akoto lọ́wọ́. Kí ẹ wọ èyí tí ó fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì so okùn àgbọ̀n dáadáa.

Ó ku ti ọ́ìlì. Nínú alùpùpù yìí, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò, kò sì tó lítà kan. Nítorí náà kí ẹ ra ọ́ìlì alùpùpù. Nínú àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan, wọ́n fi ohun tí ń mú irin yọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì yóò sì máa yọ̀ pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnì tuntun kò fẹ́ eré ní 500 kìlómítà àkọ́kọ́, kò sì fẹ́ kí ẹ gbé ẹrù wúwo gun òkè. Tíṣà da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù ní 300. Ó sẹ́ ẹ sínú abọ́ funfun, ó pè mí wá wò ó. Eruku irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀ bí tìróò. Mẹ́káníìkì ní bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, àwọn irin ń mọ ara wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ó tó ìka fà mú, kí ẹ pa á, kí ẹ má tún ta á mọ́ títí wọn yóò fi tú u wò. Ó fi irin tín-ín-rín tí ó nípọn tó mílímítà 0.05 wọn àyè fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó tún nọ́ọ̀tù gbogbo mú, ti bóòtù gígùn méjì yẹn kọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti yọ́ yí díẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, mo rí ìyàwó tíṣà lẹ́yìn máṣíìnì náà, akoto lórí, etí aṣọ lábẹ́ itan, ìdì aṣọ láàrin rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n gun òkè àkọ́kọ́ láìsọ̀. Ẹ́ńjìnì bàbá wà nínú ilé, tíṣà ti fi ọ́ìlì pa á, ó sì fi ọ̀rá wé e. Ó ní bí owó bá dé, òun yóò tún un ṣe fún ọmọ òun.